Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń gba àbùjá: bí a ṣe ń fún ọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà fisíìsì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kà nípa ẹ̀rọ ńlá kan ní California tó ń mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré títí eré wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ní kí wọ́n tó lò wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ fún wọn pọ̀ kí ọ̀wọ́ wọn lè kúrú. Ohun méjì ni kò yé mi. Èkíní, àwa náà là ń kọ́ ọmọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Kí ló wá mú wọn gbà? Èkejì, bí gbogbo wọn bá ti ń sá eré kan náà, báwo ni ti ẹ̀yìn ṣe ń bá ti iwájú? Wọ́n tún ní mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló ń ṣe é. Mi ò rí bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe lè tẹ nǹkan pọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà, ẹ sì kú làákàyè. Ohun tó rú yín lójú yìí máa ń rú àwọn tó ń kàwé gboyè nínú iṣẹ́ yìí lójú lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì rú èmi náà lójú nígbà tèmi. Òótọ́ lẹ sọ: mágínẹ́ẹ̀tì kò tẹ ohunkóhun pọ̀. Kò sí ohun tó ń ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti ẹ̀yìn níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń dá ti iwájú dúró. Ọ̀nà la ń yí mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ti iwájú á gba ọ̀nà tó gùn, ti ẹ̀yìn á gba àbùjá, wọ́n á sì pàdé ní oríta. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí bó bá ti yé yín, ti ìkórìíra yẹn kò ní pẹ́ yé yín.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n tò tẹ̀léra wọn fún ìwọ́de, ìlà wọn gùn láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn kíláàsì. Gbogbo wọn ń gbẹ́sẹ̀ sí ìlù kan náà, kò sẹ́ni tó lè yára ju ẹnì kejì lọ. Ẹ wá fẹ́ kí ìlà náà kúrú kó tó dé iwájú àwọn àlejò. Bí ẹ bá ń pariwo "ẹ yára, ẹ yára" mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, òfo ni, torí ìlù ló ń darí ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ọmọ tó ṣíwájú yí gba ẹ̀yìn igi máńgòrò, kí èyí tó tẹ̀lé e gba ibi tó sún mọ́ díẹ̀, títí dé orí ọmọ tó kẹ́yìn, tí yóò gba àárín pápá kọjá ní tààrà. Nígbà tí wọ́n bá fi yọ lódìkejì, ìlà gbọọrọ ti di agbo kékeré. Kò sẹ́ni tó sáré nínú wọn.

Ìlù tó ń darí ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni eré ìmọ́lẹ̀, kò sí ohun tó lè kọjá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ tí ẹ kà nípa rẹ̀ ṣàlàyé. LCLS lorúkọ rẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló fi ń tan ìmọ́lẹ̀ X-ray, ilé ìwádìí SLAC ní Menlo Park ló wà, lẹ́bàá Yunifásítì Stanford. Ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà sáré níbẹ̀ tọ́ gbọọrọ, kìlómítà 3 ni, láti ọdún 1966 ló sì ti ń ṣiṣẹ́; ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, lápá ìparí, ni LCLS gbà. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni wọ́n ń tàn lu bàbà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á ta jáde lára bàbà náà, wọn á sì kúrò ní yàrá àkọ́kọ́ pẹ̀lú agbára MeV 6. MeV kan ni agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń rí gbà bí fóltì mílíọ̀nù kan bá tì í. Níbi MeV 6 yìí, eré wọn ti tó ìdá 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá fi máa dé ibi tí a ti ń fún wọn pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, agbára wọn ti di MeV 250, eré wọn sì ti di ìdá 99.9998. Ẹ wò ó dáadáa: agbára ti di ìlọ́po ogójì ó lé, eré kò sì fi nǹkan kan pọ̀ sí i tí ojú lè rí.

Mo ṣírò kan fún yín kó lè hàn kedere. Ká ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ń sáré lórí ọ̀nà tó tọ́, ti iwájú ní MeV 250, ti ẹ̀yìn fi ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìyẹn lọ. Bí a bá fẹ́ kí ti ẹ̀yìn fi ìdajì mílímítà àti díẹ̀ sún mọ́ ti iwájú, wọ́n máa sáré tó kìlómítà mẹ́sàn-án, bíi ìlọ́po mẹ́ta gbogbo gígùn SLAC. Iṣẹ́ yìí kan náà ni mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ń ṣe láàárín mítà mẹ́fà sí méje.

Kì í ṣe pé fífi eré fún nǹkan pọ̀ kò ṣeé ṣe rárá o. Lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò tíì yára púpọ̀, ó rọrùn: ti ẹ̀yìn títì, ti iwájú dídá dúró díẹ̀, tó bá yá wọ́n á ko ara wọn. Bí klystron ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Russell àti Sigurd Varian, ṣe ní Stanford lọ́dún 1937. Klystron ló sì ń fún ọ̀nà SLAC ní ìgbì rédíò tó ń ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní Frascati, ní Ítálì, wọ́n ti lo irú ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, nígbà tí agbára ọ̀wọ́ kò tíì ju MeV mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀nà yíyí ló kù.

Ẹ máa bi mí pé kí ló ń mú ti iwájú gba ọ̀nà tó gùn? Agbára ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mágínẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ ọ̀nà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àti pé bí agbára rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni títẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Mágínẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ á yí ọ̀wọ́ náà sápá kan, èkejì á tún un tọ́, ẹ̀kẹta á yí i padà, ẹ̀kẹrin á dá a sí ojú ọ̀nà tó ti kúrò. Chicane là ń pè é. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kéré á yà jìnnà, èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ á yà díẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ti lè ṣe é kí ti iwájú ní agbára tó kéré, kí ti ẹ̀yìn ní èyí tó pọ̀, chicane á fún wọn mọ́ra fúnra rẹ̀.

Ìgbì rédíò la fi ń pín agbára náà bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn yàrá bàbà tó wà lójú ọ̀nà, ìgbì kan ń gòkè ó ń sọ̀, ìgbà mílíọ̀nù 2,856 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀wọ́ náà bá wọlé nígbà tí ìgbì wà ní góńgó, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni gbogbo wọn máa gbà. Ṣùgbọ́n tí a bá jẹ́ kí wọ́n wọlé díẹ̀ ṣáájú góńgó, nígbà tí ìgbì ṣì ń gun òkè, ẹni tó kọ́kọ́ dé á bá ìgbì nísàlẹ̀, ẹni tó kẹ́yìn á bá a lókè. Àkọ́dé á gba díẹ̀, àkẹ́yìndé á gba púpọ̀. Àwọn onírédà ló kọ́kọ́ fún irú ètò yìí lórúkọ, chirp, wọ́n fi wé igbe ẹyẹ tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè bó ṣe ń dún. Èmi fẹ́ràn láti fi ohùn tiwa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá: ó dà bí ìgbà tí a pe "ìlú". Dò ló bẹ̀rẹ̀, mí ló parí. Dò ni orí ọ̀wọ́, mí ni ìrù rẹ̀.

Kódà ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Donna Strickland àti Gérard Mourou fi ọgbọ́n tó jọ èyí na ìmọ́lẹ̀ lésà, wọ́n fi agbára kún un, wọ́n tún fún un pọ̀, lọ́dún 1985. Òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018.

Ẹ lè fi ojú rí apá chicane ní kíláàsì. Ẹ mú pákó kan, kí ẹ fa ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 sórí rẹ̀. Ẹ kan ìṣó sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà náà. Ẹ tún kan ìṣó méjì sí ibi 20 àti 40, àmọ́ kí méjèèjì fi sẹ̀ǹtímítà 5 yà kúrò lórí ìlà sí apá kan náà. Ẹ wá na òwú gba ara ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òwú náà á fi bíi mílímítà 12 gùn ju ìlà tààrà lọ. Ẹ yọ ìṣó méjì àárín, ẹ kàn wọ́n sí ibi tó yà ní sẹ̀ǹtímítà 4 péré. Òwú tuntun á fi bíi mílímítà 8 gùn ju ìlà lọ. Òwú àkọ́kọ́ ni ọ̀nà aláìlágbára, èkejì ni ọ̀nà alágbára, mílímítà mẹ́rin àti díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn, láìjẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí yí padà. Kí àwọn ọmọ fi rúlà wọn wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Mo ti rí i tí ojú ọmọ yunifásítì là níbi òwú yìí lẹ́yìn tí ìṣirò kò yé e.

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́. Lóòótọ́ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kórìíra ara wọn, ibi tí wọ́n ti ń jáde lára bàbà sì ni ìkórìíra náà ti le jù. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fún wọn pọ̀ níbẹ̀, tí a ń jẹ́ kí ọ̀wọ́ gùn ní ìbẹ̀rẹ̀, bíi mílímítà méjì àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ̀yin náà ń kọ́ ọmọ nípa wáyà méjì tí iná ń gbà kọjá síbì kan náà: ńṣe ni wọ́n ń fa ara wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré, iná tó ń ṣàn ni. Bí méjì bá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mànàmáná ń lé wọn, mágínẹ́ẹ̀tì ń fà wọ́n. Bí eré bá ṣe ń sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀ ni fífà náà ṣe ń sún mọ́ lílé, títí ọ̀kan á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èkejì rẹ́. Níbi MeV 250, ohun tó ṣẹ́ kù nínú lílé náà kò ju ìdá kan nínú 240,000 lọ. Ìkórìíra wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n kò lágbára mọ́. Nítorí náà là ṣe ń fi agbára kún wọn ká tó fún wọn pọ̀, tí a sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní LCLS: ti àkọ́kọ́ níbi MeV 250, èkejì níbi bíi MeV 5,000.

Níbi tí mo bá a dé yìí, ó dà bíi pé iṣẹ́ náà rọrùn. Kò rọrùn. Ìgbì rédíò kì í gun òkè bí àkàbà tó tọ́. Ó ń tẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ góńgó. Nítorí náà àárín ọ̀wọ́ kì í gba agbára tó yẹ kó gbà gẹ́lẹ́, tí a bá sì fún un pọ̀ bẹ́ẹ̀, orí á ga sókè ṣóńṣó, ìrù á wọ́ nílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ wú mi lórí títí di òní. Ṣáájú chicane àkọ́kọ́, wọ́n fi yàrá bàbà kékeré kan sí i tí ìgbì rẹ̀ yára ní ìlọ́po mẹ́rin ti ìyókù, mílíọ̀nù 11,424 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Iṣẹ́ yàrá yìí ni láti gba agbára padà lọ́wọ́ ọ̀wọ́ náà, bíi MeV 20. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n fún wọn lágbára, wọ́n tún bọ́ lára rẹ̀! Ṣùgbọ́n ìgbì kékeré náà tẹ̀ sí òdìkejì ibi tí ńlá tẹ̀ sí, títẹ̀ méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, àkàbà á sì tọ́.

Ohun tó le jù lọ ni ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀wọ́ náà ń yọ ní kọ́nà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù èyíkéyìí tí a bá yí ọ̀nà rẹ̀ padà máa ń tan ìmọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ náà ń gba ọ̀nà tó tẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀ lé kọ́nà, tààrà ló máa ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ìrù tàn á gba àbùjá tirẹ̀, á sì bá orí lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ìrù ti ń pàdánù agbára tí orí sì ń jèrè rẹ̀, nínú mágínẹ́ẹ̀tì gan-an, lẹ́yìn tí a ti fara balẹ̀ pín agbára tán. Ẹni tí agbára rẹ̀ yí padà ní àárín kọ́nà kò ní já síbi tó yẹ kó já sí. Á yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọ̀wọ́ á sì fẹ̀.

Bí ọ̀wọ́ bá sì ṣe ń kúrú ni ìjàǹbá yìí ń le sí i. Bí ìlù mẹ́wàá bá ń dún, tí olúkúlùkù ń lu tirẹ̀ nígbà tó wù ú, ariwo ìlọ́po mẹ́wàá la máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì wọn á gorí ara wọn, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ọ̀wọ́ tó gùn dà bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀wọ́ tó kúrú ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lọ dà bíi ti èkejì, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù kan àbọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kẹrin ló ń fojú winá rẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ ti kúrú tán.

Ọ̀kan wà tó tún fara pẹ́ ẹ. Bí ìgbì kékeré kan bá ti wà lára ọ̀wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibì kan ki díẹ̀, ibì kan fọ́nká díẹ̀, chicane á máa sọ ọ́ di ńlá, títí ọ̀wọ́ á fi já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ní LCLS ni pé níbi MeV 135, ṣáájú gbogbo ìfúnpọ̀, wọ́n ń tan lésà lé ọ̀wọ́ náà lórí nínú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń jó o sọ́tùn-ún sósì. Lésà náà á da agbára wọn rú díẹ̀, ìwọ̀nba tí kò ní pa ètò àkọ́kọ́ lára, ṣùgbọ́n tó tó láti fi pa ìgbì kékeré náà rẹ́. Bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé ó dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀: ó kéré o, ọbẹ̀ bàjẹ́, ó pọ̀ jù, ọbẹ̀ bàjẹ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti kúrú, nígbà tí kò sí aago tó lè kà á? Femtosecond la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ tún pín in sí ẹgbẹ̀rún: ẹyọ kan níbẹ̀ ni femtosecond. Láàárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò lè rìn kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá máíkírọ́mítà. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni láti sọ àkókò di àyè. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀wọ́ náà gba yàrá kan kọjá tí ìgbì inú rẹ̀ ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ dípò iwájú. Orí á bá ìgbì tó ń tì í sósì, ìrù á bá a nígbà tó ti yí padà sọ́tùn-ún. Bí wọ́n bá wá já lu ojú àwòrán, ọ̀wọ́ tó kúrú bí ìpẹ́jú á tẹ́ gbalaja, a ó sì máa rí orí, àárín àti ìrù rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Irú àwòrán yẹn ló yọ mí lọ́rùn òru kan, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Láti bí aago méjìlá ni ìmọ́lẹ̀ X-ray wa ti ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. A yẹ lésà wò, ó dára. A yẹ mágínẹ́ẹ̀tì wò, ó dára. Mo bá ní kí wọ́n gbé àwòrán ọ̀wọ́ wá, a sì rí i pé ńṣe ló ń gùn sí i bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ká jọ ń na ẹsẹ̀. Omi ló fà á. Omi ló ń tu àwọn yàrá bàbà lára, fáàfù kan ti ń rọ̀, omi apá kan sì ti gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbà tó gbóná á wú, ìgbì inú rẹ̀ á kúrò lójú àkókò. Bí ìgbì 2,856 yẹn bá sì fi dígírì kan péré yẹ̀ nínú 360, femtosecond bí ẹgbẹ̀rún kan ni, ọ̀wọ́ tí à ń wá kò sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní SLAC, ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń mú bàbà wọn dúró sí. Láti òru ọjọ́ náà, omi ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Èrè gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Nígbà tí ọ̀wọ́ LCLS jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ tó bíi ampere 30, ìwọ̀n tí ilé tó tan amúlétutù mẹ́ta àti áyọ́ọ̀nù lè fà. Lẹ́yìn chicane méjèèjì, ó ti di bíi ampere 3,000, gígùn ọ̀wọ́ kò sì tó ìdajì ìnípọn fọ́nrán irun orí. Kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó kún un. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló fún ara wọn mọ́ra. Iná tó ki báyìí ló lè wọ àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń jó o sọ́tùn-ún sósì, kó sì tan X-ray tó ń fún ara rẹ̀ lágbára bó ṣe ń lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009 ni LCLS kọ́kọ́ tan irú X-ray bẹ́ẹ̀, ìgbì rẹ̀ kò gùn ju nanomítà 0.15 lọ, ìwọ̀n átọ̀mù gan-an. Láìsí ìfúnpọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kò ní gbiná láéláé láàárín ọ̀nà yẹn.

Bó ṣe kúrú tún ṣe pàtàkì lọ́tọ̀. X-ray tó le tó bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ ohun tó bá tàn lé yángá, àmọ́ tó bá kúrú tó, á ti gbé àwòrán jáde kí ohun náà tó fọ́. Èyí tó kan àwa ará Áfíríkà ni ti àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àwọn oníwádìí fi X-ray LCLS ya àwòrán purotéènì kan, cathepsin B, tí kòkòrò àrùn náà kò lè ṣe láìní. Kírísítálì tí wọ́n lò kéré débi pé X-ray àtijọ́ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2013, wọ́n sì rí i níbẹ̀ bí a ṣe lè dí purotéènì náà lọ́wọ́ láìpa ti ènìyàn lára. Mo mọ ìdílé tí àrùn yìí wọ̀ rí. Nítorí náà mi ò lè sọ̀rọ̀ chicane bíi pé ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì lásán ni.

Wọn ò sì dúró síbẹ̀. Ní SLAC kan náà, ẹ̀rọ FACET-II ń fún ọ̀wọ́ MeV 10,000 pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lọ́dún 2025 ni wọ́n gbé e jáde pé wọ́n ti dé ampere 100,000, tó ju ti àrá tó wọ́pọ̀ lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́ta, fún bíi femtosecond kan. Lésà ni wọ́n fi ṣètò agbára inú ọ̀wọ́ náà kí wọ́n tó lè débẹ̀. Ìgbì rédíò nìkan kò lè tó o.

Bóyá àwọn ọmọ yín á béèrè bóyá irú nǹkan báyìí wà nítòsí. Accelerator, ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tíntìntín sáré, wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní CERD, ilé ìwádìí wọn nípa agbára. Pelletron ni, fóltì mílíọ̀nù 1.7, wọ́n fi ń wo ohun tó wà nínú ilẹ̀, nínú òkúta àti nínú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò ní chicane, torí ìṣàn tí kì í dáwọ́ dúró ló ń yọ, kò sí ọ̀wọ́ níbẹ̀ tí a máa fún pọ̀.

Èyí tó jọ ti SLAC jù wà ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Idi-Araba, níbi tí wọ́n ti ń fi X-ray wo jẹjẹrẹ. Inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yàrá bàbà ló ń mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré, ìgbì rẹ̀ sì sún mọ́ ìgbì ti SLAC gan-an, bíi mílíọ̀nù 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní mágínẹ́ẹ̀tì kan lórí tó ń yí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù po ní dígírì 270 kó tó sọ̀ kalẹ̀ sórí aláìsàn. Àwọn tí agbára wọn kéré ń gba kọ́nà tó ṣókí níbẹ̀, àwọn alágbára ń ya fẹ̀ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n ṣe mágínẹ́ẹ̀tì náà kí gbogbo wọn lè tún pàdé ní ojú kan náà, kí X-ray má baà fọ́n ká. Níbi tiwọn, ibi tí wọ́n máa bọ́ sí ló jẹ wọ́n lógún. Níbi tiwa, ìgbà tí wọ́n máa dé ni.